Ohun tí Ó Mú Wa Jáde, Ohun tí A Rí Bọ̀

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ọmọdé tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. A sábà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tí kò rìn jìnnà tí ó sì ń fọ́nnu. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í yẹ̀ wò. Òwe náà ní kí ọmọ dé oko ni; kò sọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí ó bá débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọmọ kan bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí oko baba rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ìrẹ̀ ni ó gbájú mọ́ láti àárọ̀. Bí ó ti ń wa ihò ìrẹ̀ kan ni ó ń bọ́ sí ìdí òmíràn, kò gbé orí sókè títí oòrùn fi wọ̀. Bí ó bá délé tí ìyá rẹ̀ bi í léèrè bí oko náà ti rí, kí ni yóò sọ? Kò mọ̀ bóyá iṣu ni wọ́n gbìn síbẹ̀ tàbí ẹ̀gẹ́. Kò lè sọ bí ebè ti pọ̀ tó. Kò kíyè sí odò tí ó ṣàn gba ìdí oko kọjá. Ìrẹ̀ mẹ́fà ni ó mú bọ̀. Ǹjẹ́ a lè sọ pé ọmọ yìí dé oko baba ẹlòmíràn?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi yẹ eré kan wò, eré tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, tí ó sì ti tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé. Geocaching ni àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ń pè é. Eré àpótí ìkọ̀kọ̀ ni èmi yóò máa pè é níhìn-ín, nítorí ohun tí ó jẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹnì kan yóò gbé àpótí kékeré kan pamọ́ sí ìta gbangba, bóyá sábẹ́ òkúta, sínú ihò igi, tàbí sẹ́yìn ògiri àtijọ́ kan. Yóò fi nọ́ḿbà tí ó ń tọ́ka sí ojú ibẹ̀ gan-an síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ lè rí i. Ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò mú ẹ̀rọ tí ń gba ìró láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì ojú sánmà dání, yóò sì máa wá ibẹ̀ lọ. Bí ó bá rí àpótí náà, yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó débẹ̀ sínú ìwé tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá mú ohun kan nínú àpótí, yóò fi òmíràn tí iye rẹ̀ kò dín sí ti àkọ́kọ́ rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò dá àpótí padà sí àyè rẹ̀, tí yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sí owó nídìí rẹ̀, kò sí ife ẹ̀yẹ. Ohun tí ó wà nínú àpótí kì í sábà ju nǹkan ìṣeré ọmọdé lọ.

Ọ̀nà tí eré náà gbà bẹ̀rẹ̀ yẹ ní sísọ. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí sí ojú sánmà fún iṣẹ́ tiwọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ da ìró tí ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú rú, débi pé ẹ̀rọ lè fi nǹkan bí 100 mítà ṣi ibi kan mú. Ẹni tí ó bá ń wá ìdí igi kan ṣoṣo nínú igbó, kí ni yóò fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe? Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni àṣẹ Ààrẹ Bill Clinton fi òpin sí ìdàrúdàpọ̀ náà. Ojú ẹ̀rọ là lọ́gán. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dave Ulmer gbé garawa oníke kan lọ sí ẹ̀bá igbó kan nítòsí ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ó kó ìwé, fídíò, owó díẹ̀, kànnàkànnà kan àti ẹ̀wà inú agolo sínú rẹ̀, ó sì kéde nọ́ḿbà ibẹ̀ fún àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ràn ẹ̀rọ náà. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti rí garawa náà. Lónìí, irú àpótí bẹ́ẹ̀ tí ó wà káàkiri ayé ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ.

Ṣùgbọ́n àṣà tí eré yìí jọ dàgbà ju ẹ̀rọ lọ. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ gbalasa kan wà tí ń jẹ́ Dartmoor. Àpáta dúdú ló wà lórí àwọn òkè rẹ̀, àbàtà ló wà láàárín wọn, àwọn ẹṣin kéékèèké sì ń jẹ̀ káàkiri ibẹ̀. Ìjọba ti sọ ọ́ di ọgbà ìpamọ́ láti ọdún 1951. Ní ọdún 1854, nígbà tí kò tí ì sí ọgbà ìpamọ́ kankan níbẹ̀, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ James Perrott, ará ìlú Chagford, ni ó máa ń mú àwọn àlejò la ilẹ̀ náà já. Ó gbé ìgò kan sí ibi tí wọ́n ń pè ní Cranmere Pool, èyí tí ó jìnnà sí ọ̀nà tí ẹrẹ̀ sì yí ká. Àlejò tí ó bá débẹ̀ yóò fi káàdì tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ sínú ìgò náà. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹni tí ó bá tún dé lè bá wọn fi í ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́. Báyìí ni àṣà náà ṣe gba orúkọ àpótí lẹ́tà, tí àwọn àpótí mìíràn fi pọ̀ sí i lórí ilẹ̀ náà, tí a sì wá ń fi òǹtẹ̀ àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ sínú wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ nídìí ìgò yìí. Kò sí ẹni tí ó la àbàtà kọjá nítorí àtirí ìgò. Ilẹ̀ náà ni wọ́n wá wò: ìkùukùu rẹ̀, àpáta rẹ̀, ìdákẹ́rọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ̀rí ni ìgò jẹ́. Ó dúró bí ìgbà tí ènìyàn bá fa ilà sára igi láti fi hàn pé òun kọjá níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá sì wà láàárín ẹ̀rí ìrìn-àjò àti ìdí ìrìn-àjò. Bí ẹ̀rí bá ṣì wà ní ipò ẹ̀rí, kò sí ewu. Ìgbà tí ẹ̀rí bá gorí àléfà tí ó di ọba ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà.

Àwọn tí ń ṣe eré yìí lónìí ti wá so ó pọ̀ mọ́ ìrìn-àjò afẹ́. Bí ìdílé kan bá fẹ́ lọ wo ilé olódi àtijọ́, tàbí ìtàkìtì omi, tàbí ìlú kan tí ó lókìkí, nínú ìrìn-àjò àárọ̀-lọ-alẹ́-bọ̀, wọn yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá àpótí wà ní agbègbè náà. Wọn yóò wá ṣètò ọjọ́ wọn kí wọ́n lè rí méjì tàbí mẹ́ta bí wọ́n ti ń rìn kiri. Èrè àṣà yìí kò kéré, mo sì fẹ́ kà á kí n tó sọ ohun tí ń kọ mí lóminú.

Èrè kìn-ín-ní ni pé àpótí máa ń mú àlejò gba ibi tí ìwé ìtọ́sọ́nà kì í mú ni gbà. Ẹnubodè kan náà ni ìwé ìtọ́sọ́nà máa ń kó gbogbo àlejò lọ. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti san owó, ibẹ̀ ni wọn yóò ti ya àwòrán, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti ra ohun ìrántí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé àpótí pamọ́ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ń gbé nítòsí, ọmọ onílẹ̀ ni ó sì mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ó lè fi í sí ìdí afárá kékeré kan tí reluwé kò gbà kọjá mọ́, tàbí sí orí òkè tí ènìyàn ti lè rí gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan. Yóò sì kọ ìtàn ibẹ̀ ní ìwọ̀nba gbólóhùn mélòó kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ dà bí onílé tí ó di àlejò lọ́wọ́ mú, tí ó ní, "Ẹ kúrò ní pálọ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀yìnkùlé hàn yín."

Èrè kejì jẹ́ ti àwọn ọmọdé. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó mọ ìyà tí ó wà nínú mímú ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ wo òkúta àtijọ́. Ẹsẹ̀ yóò máa dùn ún, òùngbẹ yóò máa gbẹ ẹ́, yóò sì máa béèrè ìgbà tí wọn yóò padà sílé. Ẹ sọ fún ọmọ kan náà pé ohun kan wà tí a gbé pamọ́ sórí òkè lọ́hùn-ún, yóò ti ṣáájú yín débẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ń tọ́mọ ní Ìlú Ọba tàbí ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ alámòóhùnmáwòrán, lè rí ìrànlọ́wọ́ nínú èyí. Bojúbojú ni àwa fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti fi ojú wá nǹkan nígbà tí òṣùpá bá là. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ohun tí a fi pamọ́ ń fa ọmọ ènìyàn jáde nílé.

Èrè kẹta ni mo kà sí èyí tí ó jinlẹ̀ jù. Ẹ̀yà eré náà kan wà tí kò ní àpótí rárá. EarthCache ni wọ́n ń pè é, ọdún 2004 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti àpáta ní Amẹ́ríkà, ìyẹn Geological Society of America. Nínú ẹ̀yà yìí, nọ́ḿbà yóò mú ọ dé iwájú àpáta kan, tàbí ìsun omi, tàbí gegele kan. Ìbéèrè ni ìwọ yóò bá níbẹ̀. Ipele mélòó ni ó wà lára àpáta yìí? Àwọ̀ wo ni èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ní? Kí ni o rò pé ó mú kí omi gbẹ́ ihò báyìí? O kò lè dáhùn àfi bí o bá wo ilẹ̀ náà dáadáa. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ohun tí à ń wá àti ibi tí a ti ń wá a ti di ọ̀kan.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo òdìkejì. Ní ìpínlẹ̀ Nevada, ọ̀nà kan wà tí ó la aṣálẹ̀ kọjá, ọ̀nà 375. Ní ọdún 1996 ni ìjọba sọ ọ́ ní Extraterrestrial Highway, nítorí ìtàn tí àwọn ènìyàn ń sọ pé àwọn ẹ̀dá àjèjì láti ojú sánmà máa ń fò kọjá níbẹ̀. Àwọn tí ń ṣe eré àpótí wá kó àpótí tí ó ju 1,000 lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yìí. Ìlànà eré náà ni pé àpótí méjì kò gbọdọ̀ sún mọ́ ara wọn ju 161 mítà lọ. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀, yóò dúró. Ẹnì kan yóò bẹ́ sílẹ̀, yóò ṣí òkúta, yóò fọwọ́ sí ìwé, yóò sáré padà, ọkọ̀ yóò sì tún gbéra. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn kì í ṣí àpótí níbẹ̀ mọ́: èyí tí wọ́n mú ní ẹ̀yìn ni wọn yóò fi sílẹ̀ níwájú, kí wọ́n lè fọwọ́ sí ìwé nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n lè ti ka ọgọ́rùn-ún lọ́nà mélòó kan.

Kí ni a ó sọ nípa irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Aṣálẹ̀ náà ní òkè tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà bí oòrùn ti ń yí. Ó ní ìdákẹ́rọ́rọ́ tí etí ará ìlú ńlá kì í sábà gbọ́. Ní òru, ìràwọ̀ ibẹ̀ pọ̀ lọ súà. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ yìí, aṣálẹ̀ ti di okùn tí a so kókó sí, tí à ń ka kókó rẹ̀ lọ. Bí a bá gbé ọ̀nà náà kúrò níbẹ̀, tí a tẹ́ ẹ sí ibòmíràn tí kókó rẹ̀ kò sì dín, kò ní mọ ìyàtọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan dáhùn pé, "Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Epo tiwọn ni wọ́n rà, àkókò tiwọn ni wọ́n lò, wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n pa ẹ̀rín, wọ́n jẹun pọ̀, ọ̀rẹ́ sì di ọ̀rẹ́ sí i." Òótọ́ ni. N kò pe ohun tí wọ́n ṣe ní ẹ̀ṣẹ̀. Eré ni, eré sì ní àyè tirẹ̀ láyé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a má ṣe pè é ní ìrìn-àjò. Bí ènìyàn bá ta ayò láti àárọ̀ dé alẹ́ lábẹ́ igi odán ní ìlú onílùú, ó ta ayò gidi, ṣùgbọ́n kò tí ì rí ìlú náà. Ohun tí ń dun ni ni pé ó lè padà sílé kí ó sì máa sọ pé òun ti mọ ibẹ̀. Ẹni tí kò dé ibì kan rí mọ̀ pé òun kò débẹ̀, ó sì lè lọ lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ó dé tí kò rí ni kò ní padà lọ mọ́, nítorí ó ti kà á kún ibi tí òun ti mọ̀.

Ǹjẹ́ wíwá nǹkan ni ó wá jẹ́ ọ̀tá rírí nǹkan bí? Rárá o. Ẹ wo ọdẹ. Ẹtu ni ọdẹ ń wá lọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó rí igbó tó o. Ó mọ ewé tí ẹran jẹ ní àná, ó mọ ipasẹ̀ tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́, ó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, ó mọ ẹyẹ tí ń kígbe nítorí pé ẹnì kan ń kọjá. Bí ó bá délé lọ́wọ́ òfo, ìmọ̀ rẹ̀ nípa igbó ti fi nǹkan kan kún ti àná. Kí ló dé tí wíwá ti ọdẹ fi la ojú rẹ̀, tí wíwá ti ọmọ onírẹ̀ fi dí tirẹ̀? Ìdáhùn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn nìyí: ẹtu jẹ́ ọmọ igbó. Ẹni tí yóò rí i ní láti mọ ilé rẹ̀. Ọmọ oko ni ìrẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ nìkan ni ó tó mímọ̀ fún ẹni tí yóò wa á. Àpótí oníke ní tirẹ̀ kì í ṣe ọmọ ibì kankan. Àlejò ni. Kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ tí a gbé e sí, àfi bí ẹni tí ó gbé e bá fún un ní ìbátan pẹ̀lú ilẹ̀ náà.

Nítorí náà, ẹrù kan wà lọ́rùn ẹni tí ń gbé àpótí pamọ́, òmíràn sì wà lọ́rùn ẹni tí ń wá a. Ẹni tí ń gbé e pamọ́ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé: kí ni mo fẹ́ kí àlejò rí níhìn-ín? Bí kò bá sí ohunkóhun, kí ó gbé àpótí rẹ̀ padà sílé. Ẹni tí ń wá a gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan tí mo kà sí òṣùwọ̀n gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: bí n kò bá rí àpótí náà lónìí, ṣé ọjọ́ mi ṣòfò? Àìrí kì í ṣe ohun àjèjì nínú eré yìí. Omi lè gbé àpótí lọ, ọmọdé lè kó o, ewé lè bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹni tí kò rí i bá lè jókòó lórí òkè náà kí ó sì sọ pé, "Kò burú, mo rí ìlú láti òkè," a jẹ́ pé ọdẹ ni í ṣe. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ tí ó sì sáré wọ ọkọ̀ lọ síbi tí ó kàn, onírẹ̀ ni.

Ìwà kan tún wà nínú eré yìí tí ó yẹ kí a yìn, nítorí ó bá àṣà wa mu. Láyé àtijọ́, àwọn oníṣòwò wa a máa gbé ọjà kalẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n kó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń sọ iye tí wọ́n ń tà á. Arìnrìn-àjò tí ebi bá ń pa yóò ka òkúta, yóò san iye owó ẹyọ tí ó tó, yóò mú ọjà, yóò sì máa lọ. Àrokò ni òkúta náà, ó sì ń pe ẹ̀rí-ọkàn ẹni tí kò sí ẹnikẹ́ni tí ń wò ó. Àpótí ìkọ̀kọ̀ náà dúró lórí irú ìgbẹ́kẹ̀lé kan náà. Ẹnikẹ́ni lè kó ohun inú rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni sì lè jókòó sílé kí ó kéde pé òun rí àpótí tí ẹsẹ̀ òun kò dé ìdí rẹ̀. Ta ni irú irọ́ bẹ́ẹ̀ pa lára? Kò pa ẹni tí ó ni àpótí lára púpọ̀. Ẹni tí ó pa á ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìrìn-àjò lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ onílẹ̀. Bí Yorùbá bá dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, yóò ní, "Àgò onílé o," yóò sì dúró títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Ẹni tí ó gbé àpótí sí ilẹ̀ onílẹ̀ láìsọ fún un wọlé láìkágò, ó sì tún pe ọ̀pọ̀ ènìyàn wọlé tọ̀ ọ́. Ní oṣù keje ọdún 2011, ní ìlú Wetherby ní àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan rí ọkùnrin kan tí ó ń ṣe bí ẹni tí ń fi nǹkan pamọ́ níta ilé oúnjẹ kan. Ó pe ọlọ́pàá. Wọ́n ti ojú ọ̀nà pa, wọ́n kó àwọn ènìyàn kúrò nítòsí, àwọn ọmọ ogun tí ń tú bọ́ǹbù sì fọ́ ohun náà túútúú. Àpótí eré ni. Kò sí ẹni tí ó ní èrò ibi lọ́kàn, síbẹ̀ ẹ̀rù ba gbogbo àdúgbò. Ní àwọn ọgbà ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ènìyàn kò gbọdọ̀ gbé àpótí kalẹ̀ láìgba àṣẹ, nítorí ẹsẹ̀ àwọn tí ń wá a lè tẹ ewéko pa, wọ́n sì lè da ibùgbé ẹranko rú.

Eré yìí kò mọ ààlà. Ilẹ̀ wa náà wà lábẹ́ ojú sánmà tí àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí ń yí kiri. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi í so ìrìn-àjò afẹ́ pọ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwa, kí ó rántí pé igbó wa kì í ṣe igbó lásán ní gbogbo ìgbà. Ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ojúbọ ni ó kún ibẹ̀, iṣẹ́ ọnà Susanne Wenger àti ti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ sì wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ní irú ibẹ̀, ohun tí a bá gbé sí ìdí igi ti ní ìtumọ̀ kí a tó béèrè. Ẹni tí ó bá rí i yóò rò pé ẹbọ ni, tàbí ẹ̀jẹ́ tí ẹnì kan ń san. Àpótí oníke tí ó bá wọ àárín wọn dà bí ẹni tí ó ń pariwo níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbàdúrà. Ẹ̀yà eré tí kò ní àpótí ni ó yẹ ibẹ̀, kí àlejò kọ́kọ́ gba àṣẹ, kí ó wò, kí ó sì bi àwọn tí ń tọ́jú igbó náà léèrè ohun tí kò yé e. Bákan náà, bí wọ́n bá ní kí àlejò sọ iye àtẹ̀gùn tí ó wà ní Òkè Ìdànrè, kò ní ohun tí ó lè ṣe ju kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún lọ, kí ó máa kà á, kí ó máa sinmi, kí ó sì máa wẹ̀yìn wo ìlú. Kò sí oníke kankan tí yóò kù sórí òkè nígbà tí ó bá sọ̀ kalẹ̀.

Bí mo bá ní kí n fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe eré yìí nígbà ìrìn-àjò ní ìmọ̀ràn, kò ní pọ̀. Kí ó kọ́kọ́ yan ibi tí ó fẹ́ rí, kí ó tó béèrè bóyá àpótí wà níbẹ̀. Méjì tàbí mẹ́ta tó fún ojúmọ́ kan. Bí ó bá rí àpótí, kí ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà tí ó gùn ju èyí tí ó fi wá a lọ. Kí ó bá ẹnì kan tí ń gbé ìlú náà sọ̀rọ̀, nítorí kò sí sátẹ́láìtì tí ó mọ ìtàn ilé. Láti ọdún 2002 ni àwọn tí ń ṣe eré náà ti ní àṣà rere kan: wọn a máa mú àpò dání, wọn a sì máa ṣa ìdọ̀tí tí wọ́n bá bá lójú ọ̀nà bí wọ́n ti ń bọ̀. Ó dára kí ẹsẹ̀ àlejò jẹ́ oore fún ilẹ̀ tí ó tẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè tí mo bi ẹni tí ń wá àpótí yìí kò yọ àwa yòókù sílẹ̀. Àwòrán ni ẹlòmíràn ń wá lọ sí ìrìn-àjò, ọjà ni ẹlòmíràn ń wá lọ, òmíràn sì ń lọ nítorí kí ó lè sọ pé òun náà lọ. Olúkúlùkù wa ni ó ní àpótí tí ń fà á jáde nílé. Ohun tí ó fà wá jáde kò ní ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti dé ibi tí ó ń lọ, ó yẹ kí ojú náà débẹ̀.